Bí Efúnyẹmí Ṣe Lànà fún Omi ní Ìgbódò

Nígbà tí ogun ti rọlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, tí àwọn èèyàn tún ti ń sun oorun àsùnhanrun, ọ̀tá kan ṣoṣo ló kù fún àwọn ará Ìgbódò, ọ̀tá náà kì í ta ọfà, kì í sì í gun ẹṣin. Omi ni. Àárín òkè méjì ni ìlú náà wà, odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọ́rò sì gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fo odò yìí láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti le, odò á wú, á pọ́n bí epo, á sì ya wọ ilé àwọn ahunṣọ tí ń gbé àdúgbò Ìsàlẹ̀-Òfì. Òfì ń jẹrà, òwú ń bá omi lọ, ògiri ń wó lu ẹrù. Nígbà tí ó di pé ẹrẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Òkè-Ọya ń bá lọ́jà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá ra aṣọ, wọ́n yà sí ìlú mìíràn. Ọjà tú. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, wọ́n ní ó sàn kí àwọn lọ ṣe àlejò lọ́wọ́ ẹni tí ilé tirẹ̀ gbẹ.

Efúnyẹmí ni adelé ìlú nígbà náà, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ Baálẹ̀ kú, wọn kò sì tí ì yan òmíràn. Ọmọ Lágbàyí ni, Lágbàyí tí ó tẹ Ìgbódò dó, akọni tí ń dúró níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sá. Efúnyẹmí adúmáradán, obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Nígbà ogun, bàbá rẹ̀ mọ odi ńlá kan síwájú agbo ilé wọn, láti ẹsẹ̀ òkè kan dé ẹsẹ̀ òkè kejì, ó sì dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí odò Ọmọ́rò lè rí ibi gbà. Odi yìí ló gba ìlú là nígbà tí ọ̀tá dó tì wọ́n, gbogbo Ìgbódò ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Efúnyẹmí nìkan ló máa ń gun orí odi náà lásìkò òjò, tí ó ń rí bí odi náà ti ń dá omi dúró níhà Ìsàlẹ̀-Òfì. Ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Ká má purọ́, inú òun náà dùn pé wọ́n yí i, nítorí ó fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀.

Lọ́dún kan, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò sì dá títí oòrùn fi yẹ kí ó wà ní àtàrí. Omi fa igi àràbà kan tu, ó wọ́ ọ wá, igi náà sì há sí ihò odi. Ni omi bá padà sẹ́yìn, ó bo Ìsàlẹ̀-Òfì. Àwọn ènìyàn gun orí òrùlé, wọ́n ń ké. Jagùn Ọdẹ́rìndé, olórí ogun ìlú, kó àwọn òmùwẹ̀ wọnú omi láti fa igi náà. Nígbà tí ó gòkè padà wá bá Efúnyẹmí lẹ́bàá odi, ó ń wúkọ́, ó ń pọ omi.

"Adelé, igi yẹn kò ní í kúrò," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ju okùn sí wọn, bóyá a ó rí díẹ̀ fà jáde."

"Díẹ̀ kẹ̀? Ta ni ká fi sílẹ̀ nínú wọn?"

Òrùlé kan wó ní ìsàlẹ̀, àwọn tó wà lórí rẹ̀ sì fò mọ́ èyí tó tẹ̀lé e.

"Ẹ kó gbogbo ará ilé mi gun òkè," ni Efúnyẹmí wí. "A ó wó odi."

"Odi bàbá yín? Ilé yín ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Adelé! Omi á gbé e lọ tòun ti ibojì bàbá yín. Ojú wo la ó fi wo àwọn tó ti lọ?"

Efúnyẹmí gbójú sókè sí odi náà. "Jagùn, ẹ gbọ́ mi. Nítorí èèyàn ni bàbá mi fi da ẹrùpẹ̀ yìí jọ. Àwọn ọmọ àwọn èèyàn náà ló ń ké lórí òrùlé yẹn. Bí bàbá mi bá wà láyé, kò ní í dúró gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu mi. Ibojì rẹ̀ á lọ, màá sunkún rẹ̀ bó bá yá. Ẹ fún mi ní ọkọ́."

Ó so ìborùn mọ́ ìdí gírí, wọ́n fi okùn so ìbàdí rẹ̀ mọ́ igi kan ní ẹsẹ̀ òkè, ó sì gbé ọkọ́ sókè. Jagùn wò ó bí ó ti ń ṣá odi náà, lẹ́yìn náà ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó sì dúró tì í. Àwọn yòókù náà bọ́ sí i. Nígbà tí ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunmi, Jagùn kígbe kí gbogbo wọn sá, wọ́n sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Odi Lágbàyí là sí méjì. Omi bú ramúramù, ó gba àárín agbo ilé náà kọjá pẹ̀lú òpó, ilẹ̀kùn àti òrùlé, ó sì fà kúrò ní Ìsàlẹ̀-Òfì. Ẹnikẹ́ni kò kú. Orí òkè ni Efúnyẹmí wà nígbà tí ó rí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ tó léfòó lọ. Ìgbà yẹn ni ó tó sunkún. Ìyàwó Jagùn bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ó sì fi bò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, gbogbo ìlú péjọ. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí ó ní kí wọ́n tún odi mọ. Efúnyẹmí dìde, ó ní, "Ibi tí omi gbà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un. Ilé tèmi ló wà níbẹ̀, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Oko ìdílé mi lórí òkè, ẹ ó pín in fún àwọn ará Ìsàlẹ̀-Òfì kí wọ́n fi kọ́lé."

Àríyìíbí, àgbà aláró kan, na ọwọ́ sókè. "A dúpẹ́, Adelé. Àmọ́ ìkòkò aró mi ńkọ́? Ṣé kí n máa pọn omi gun òkè pẹ̀lú eékún tó ń dùn mí yìí ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Efúnyẹmí náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. "Ilé là ń kó kúrò, Ìyá. Iṣẹ́ kò kúrò. Ẹ ó máa sọ̀kalẹ̀ wá pa aró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó gòkè lọ sùn níbi tó gbẹ."

Ẹrẹ̀ omi náà ṣì wà lára àwọn igi. Wọ́n ń tẹ̀ lé àmì rẹ̀ láti igi dé igi, wọ́n sì ń gbin pèrègún sójú àmì náà, Jagùn Ọdẹ́rìndé ló ṣíwájú. Ìsàlẹ̀ pèrègún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n sì gbẹ́ kòtò tí ẹja ń kù sí bí omi bá fà. Lókè pèrègún, wọ́n la ọ̀nà gbòòrò, wọ́n fi òkúta tẹ́ ojú àgbàrá, wọ́n sì kọ́ ilé àwọn ahunṣọ kọjú sí ọjà, kí ẹni tó fẹ́ rà lè máa wo aṣọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń hun ún. Díẹ̀díẹ̀, àwọn oníṣòwò gbọ́, wọ́n ń padà wá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti lọ náà ń padà, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, wọ́n ń gba ilẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, òjò ńlá dé. Àwọn àlejò láti Òkè-Ọya gbọ́ bí odò ti ń hó ní ìsàlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Efúnyẹmí ti dàgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n Adelé ni wọ́n ṣì ń pè é, ó jókòó sí ìsọ̀ aláṣọ kan, ó nasẹ̀. Jagùn fi ọ̀pá tilẹ̀ dé, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin.

"Omi ń kọjá o, Adelé!"

"Ẹ jẹ́ ó kọjá, Jagùn. Ẹ wọlé wá yan aṣọ tó gbẹ."

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo ọjà, àwọn àlejò náà sì sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Pèrègún Efúnyẹmí ṣì wà ní Ìgbódò títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, àwọn àgbà á kọ́kọ́ mú un rin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé òkè. Bí òjò bá sì ń rọ̀ níbẹ̀, wọn kì í kí ara wọn bí àwọn ará ìlú yòókù. Ẹnìkan á ní, "Omi ń kọjá o." Ẹnìkejì á ní, "Ẹ jẹ́ ó kọjá." Wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ iye owó aṣọ lọ.