Káfíńtà tí Wọ́n Ní Kó Jókòó

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbí, tíṣà ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti le jù ni ọ̀kan àti púpọ̀. Ọmọ tí ó bá fi lẹ́tà ẹ́ẹ̀sì kún ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ẹkún ẹgba ni yóò sun délé. Nígbà tí ó di ọ̀gá ilé ìwé, ó kọ ọ́ sí ẹnu géètì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú ọgbà náà, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe òbí. Àwọn òbí gbà. Kódà, inú wọn dùn.

Káfíńtà àgbà kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé òun ni ó kan òrùlé ilé ìwé náà. Lọ́jọ́ kan tí ó ń kọjá, ó wo òkè, ó rí i pé ikán ti jẹ igi àjà kíláàsì kan wọnú. Ó dúró de ìpàdé àwọn òbí. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò sọ sórí, tí ó ń tún un sọ níbi tí ó ti ń fá pákó.

Nígbà tí ó kàn án, ó dìde, ó ṣí fìlà. Ó fẹ́ pe àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní "ṣídírẹ́ǹsì".

Ọ̀gá ilé ìwé gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn ti jẹ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún ń fi ẹ́ẹ̀sì kún un. Ẹ jókòó. Ẹ lọ kọ́ ọ̀kan àti púpọ̀ kí ẹ tó wá bá wa sọ̀rọ̀."

Yorùbá ni òun fúnra rẹ̀ fi sọ ọ́, kí ó lè yé gbogbo ilé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá ni ẹ̀rín wọn ròkè jù. Bàbá náà dé fìlà rẹ̀, ó jókòó. Má bi mí pé kí ló dé tí kò padà lọ sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n ti dójú ti àgbàlagbà láàárín àwọn tí ó lè bí lọ́mọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀, òrùlé wó lọ́sàn-án gangan nígbà tí kíláàsì kún. Ọmọ méjì kú. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin ọ̀gá ilé ìwé.

Káfíńtà yìí náà ni wọ́n bẹ̀ kí ó kan pósí. Ibi tí ó ti ń wọn pákó ni ọ̀gá ilé ìwé ti bá a, tí ó dì mọ́ ọn lápá, tí ó ń sunkún. "Bàbá, wọ́n ní ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Bàbá náà kò gbójú sókè. "Mo dìde láti sọ ọ́, sà. Ẹ ní kí n jókòó."

Abíọ́nà, ìwọ ni mo ń bá wí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ Sátidé, ìyá Adérera dìde, ó ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, o fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì jókòó. Inú rẹ ń bí mi, inú ara mi náà ń bí mi, torí èmi pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Ó di ọjọ́ mẹ́rin lónìí, kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó mọ ohun tí obìnrin yẹn fẹ́ sọ. Wọ bàtà rẹ, kí o lọ bi í. Yorùbá ni kí o fi bi í.