Písítìn Olúgbóyè

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ Bísíríyù àti Olúgbóyè ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, Olúgbóyè ló ń gba ipò kìíní nínú ìdíje eré ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Bísíríyù lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kan tó yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó bá písítìn tuntun mẹ́rin lórí tábìlì, irin tó máa ń lọ sókè-sódò nínú ihò ẹ́ńjìnnì, èyí tí Olúgbóyè ní kí wọ́n rọ fún ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ nìkan. Bísíríyù yọ́ ka ìwọ̀n tó wà lára páálí wọn, ó sì lọ ní kí wọ́n rọ irú rẹ̀ gan-an fún òun.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ bá Bàbá Àlàó, tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

"Bàbá, ẹ bá mi gbẹ́ ihò rẹ̀ kó fẹ̀ sí i."

Bàbá wọn irin náà. "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ọmọ mi. Irin yìí á fẹ́lẹ́ jù. Jẹ́ kí á wá písítìn tó bá a mu."

"Irú ti Olúgbóyè ni mo fẹ́."

Bàbá gbẹ́ ẹ fún un.

Lọ́jọ́ ìdíje, Bísíríyù ṣáájú gbogbo wọn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó là, tí iná sì sọ. Olúgbóyè dúró, ó já ilẹ̀kùn, ó fà á jáde. Ẹlòmíì ló gba ipò kìíní.

Nígbà tí iná kú, Olúgbóyè rí písítìn irú tirẹ̀ nínú irin tó là. "Kí ló dé tí o kò bi mí? Ǹ bá bá ọ wọn tìrẹ."

Bísíríyù kò lè wo ojú rẹ̀. Èyí tó tì í lójú jù ni pé, ó ṣì ń jowú ọwọ́ tó fà á yọ.