Iṣẹ́ Tí Àṣàkẹ́ Jẹ́ ní Ọjọ́ Àríyá

Ilé-ìwé girama Ìdí-Emi kéré débi pé bí ọmọ kan bá sín ní kíláàsì àkọ́kọ́, àwọn tó wà ní kíláàsì ìparí ni yóò kí i pé pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́: ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin. Nítorí pé ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ọmọ lọ, kò sí ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ méjì pọ̀.

Àṣàkẹ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, wà nínú ti eléré, ó sì wà nínú ti aláríyànjiyàn. Ohun kan ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n mọ́: bí o bá rán an níṣẹ́, bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ, kò ní yọ níbẹ̀, kò ní fi kún un. Tíṣà ìṣirò rán an nígbà kan sí tíṣà ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ pé kí ó dá ṣọ́ọ̀kì òun padà. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, wọ́n kọ́kọ́ pòṣé. Ẹ jẹ́ kí n pòṣé ọ̀hún ná." Ó sì pòṣé náà, ó fà á gùn. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Gbogbo ìgbà tí ìyá Àṣàkẹ́ bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé yẹn, ẹjọ́ ẹnu ọmọ rẹ̀ ló ń bá wá.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àríyá ìparí ọdún fi jẹ ọmọ náà lógún. Wọ́n ti fún un ní ipa ẹrú ọba nínú eré. Ipa náà kò tó nǹkan, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹrú yóò jẹ́ kó tó wọlé lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ní òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, òun yóò wá wò ó. "Èmi náà fẹ́ wá jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ni ìyá rẹ̀ wí, "níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè mí sí ọ́fíìsì."

Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé ọ̀sán Ẹtì kan náà ni ẹgbẹ́ eléré àti ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn mú fún àríyá wọn, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ló sì wà. Ọdẹ́wálé tó jẹ́ olórí àwọn eléré ní àwọn ló kọ́kọ́ mú un. Fẹhìntọlá, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àwọn aláríyànjiyàn, ní irọ́ ni. Wọ́n jà títí wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyáàfin Olátúndùn, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, pe àwọn méjèèjì. "Bí ẹ kò bá rẹ́ títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀," ó ní, "n ó ti gbọ̀ngàn pa. Kálukú á lọ ṣe àríyá tirẹ̀ nílé bàbá rẹ̀."

Nígbà tí àwọn olórí méjèèjì kò sì fẹ́ rí ojú ara wọn, ta ni wọn ì bá rán bí kò ṣe Àṣàkẹ́?

"Lọ sọ fún Ọdẹ́wálé," ni Fẹhìntọlá wí, "pé orí rẹ̀ ti tóbi ju ìtàgé lọ. Kó lọ ṣeré nínú oko ẹ̀gẹ́."

Àṣàkẹ́ lọ sọ ọ́. Bí Fẹhìntọlá ṣe fi ọwọ́ méjèèjì wọn orí náà, bẹ́ẹ̀ ni òun náà wọ̀n ọ́n.

Ọdẹ́wálé ní, "Sọ fún un pé a ò mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ẹ̀rọ tiẹ̀ sàn, ó ń sinmi bí epo bá tán."

Àṣàkẹ́ tún jẹ́ ẹ, ó fi ariwo ẹ̀rọ náà sí i. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì kò yá ara wọn ní rúlà mọ́.

Nígbà tí ó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Fẹhìntọlá tún pè é. "Sọ fún ọ̀gọ̀ yẹn pé mi ò ní fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ láéláé. Bó bá fẹ́ ẹ, kó wá bẹ̀ mí lórí ìkúnlẹ̀."

Àṣàkẹ́ gbéra. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rọ omi tó wà láàárín kíláàsì méjèèjì, ó rántí pé ìyá òun ti lọ aṣọ tí yóò wọ̀ wá, ó ti fi kọ́ ara ògiri. Ó bu omi, ó mu ún, ọ̀rọ̀ tó gbé dání sì bá omi wọlé.

"Sìníọ̀ Fẹhìntọlá ní kí n kí yín," ó sọ fún Ọdẹ́wálé. "Wọ́n ní gbọ̀ngàn náà ò lè dùn láìsí yín. Wọ́n ní bí ẹ bá ráyè, kí ẹ jẹ́ kí àwọn àti ẹ̀yin jọ sọ ọ́."

Ọdẹ́wálé wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Fẹhìntọlá yẹn?"

"Àwọn náà ni."

"Kò wọn orí mi?"

"Wọn ò wọn nǹkan kan."

Ọdẹ́wálé tún kọ́là rẹ̀ tò. "Ó dáa. Sọ fún un pé ó pẹ́ kó tó lajú."

Àṣàkẹ́ tún yà mu omi. Ó dé ọ̀dọ̀ Fẹhìntọlá, ó ní, "Wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti mọ̀ pé ojú yín là."

Báyìí ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ikùn rẹ̀ ti kún fún omi, àwọn olórí méjèèjì sì ti jókòó pọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé eré ni yóò ṣáájú, àríyànjiyàn yóò tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ẹtì pé, gbọ̀ngàn kún. Ìyá Àṣàkẹ́ jókòó síwájú, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́wálé tó ń ṣe ọba na ọ̀pá sí ẹrú rẹ̀. "Lọ sọ fún ọba kejì pé òṣùká ló dé, kì í ṣe adé. Bó bá tó ọkùnrin, kó pàdé mi lójú ogun."

Iṣẹ́ yìí ló dá ogun sílẹ̀, ogun náà sì ni gbogbo eré. Àwọn ọmọ ogun ti tò sẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú idà pákó. Àṣàkẹ́ sọdá lọ bá Jímọ̀ tó ń ṣe ọba kejì. Ó rí ìyá rẹ̀. Ó tún rí ife omi kan níwájú Jímọ̀. Ẹnu tí irú èyí ti mọ́ lára láti àná kò dúró gbàṣẹ mọ́.

"Kábíyèsí," ó ní, "olúwa mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní adé yín wu àwọn. Wọ́n ní bí ẹ bá ráyè, kí ẹ wá bá àwọn jẹun."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Jímọ̀ há sórí, òun náà ni "Ogun yá." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ó ní ká wá jẹun," ó sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn aṣọ.

Ohùn kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ìkélé pé, "Ogun ńkọ́?"

"Kò sógun mọ́. Wọ́n ti se oúnjẹ."

Ni àwọn ọmọ ogun bá ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi idà kọ́ èjìká bí ẹni ń ti oko bọ̀, wọ́n jókòó yí ìtẹ́ Ọdẹ́wálé ká, wọ́n ń dúró de oúnjẹ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé lọ.

Ọdẹ́wálé sọ̀ kalẹ̀. "Àṣàkẹ́, ṣé iṣẹ́ tí mo rán ẹ nìyẹn?"

Fẹhìntọlá tó wà lẹ́bàá ìtàgé dìde. "Dúró ná, Ọdẹ́wálé. Ní àná, ṣé ìwọ lo sọ pé ojú mi là?"

"Èmi kọ́. Ṣé ìwọ lo ní gbọ̀ngàn ò lè dùn láìsí mi?"

Wọ́n wo ara wọn, àwọn méjèèjì wá kọjú sí Àṣàkẹ́. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

Ìyáàfin Olátúndùn tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ na ọwọ́ sókè. "Ìyá Àṣàkẹ́ dà?"

Ìyá Àṣàkẹ́ ti dìde kí wọ́n tó pe orúkọ náà tán, ó ti so báàgì kọ́ apá. "Mo ti mọ̀, mà. Ọ́fíìsì náà ni, àbí?"

"Ẹ jókòó o jàre. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó bí i ni. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán ọmọ yín, ti ọmọ ló fi jẹ́."

Ìyá Àṣàkẹ́ padà jókòó. Ó wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó wo ti òsì, ó ní, "Èmi ni mo bí i."

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà bá àwọn òbí délé lọ́jọ́ náà, ó sì dé etí àwọn àgbà ìlú, wọn kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ mọ́. Òun ni wọ́n ń pa lówe títí dòní pé: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.