Ọkọ̀ Tí Kì Í Dúró ní Ìdí-Àràbà

Láyé ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la igbó kọjá, obìnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Àràbà tó ń jẹ́ Ṣẹ́gilọlá. Ojétúndé ọkọ rẹ̀ ló ń kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin náà. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró jìnnà, àyè ìsinmi tó lè gbé e dé ilé kò sì sí. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ọkọ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá, Ojétúndé á juwọ́ sí ìyàwó àti ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó parí. Àárò ń sọ Ṣẹ́gilọlá bí ẹni tí ebi ń pa nídìí oúnjẹ. Ti ìyá ló tún wá le. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì ń tọrọ kò ju pé kí òun rí ọmọ òun ní tòsí kí ojú náà tó fọ́ tán.

Nítorí èyí ni Ṣẹ́gilọlá ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ ìyàwó ajíhìnrere, kó lè bẹ àwọn òyìnbó onírélùwéè kí ọkọ̀ máa dúró. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó la ẹnu, ẹ̀rù ẹ̀rín á mú un, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Òyìnbó ọ̀gá rélùwéè dé láì mú ògbufọ̀ dání, ó bi àwọn ará abúlé ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ṣẹ́gilọlá nìkan ló gbọ́ ọ. Ó wolẹ̀. Òyìnbó dúró títí, nígbà tí kò rí èsì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá kò bú u. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọge ní ẹkún ìyàwó, ojú rẹ̀ sì ti rí onítìjú tó pọ̀.

"Ìyàwó mi," ló wí, "kò sí ọmọge tó kọ́kọ́ sun ẹkún rẹ̀ níta gbangba. Ìdí ìkòkò omi ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ṣẹ́gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò omi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bá àwọn ewúrẹ́ sọ ọ́. Ó bá ìyá tí kò gbọ́ ẹyọ kan sọ ọ́. Bó bá sì ṣì í sọ, tí ojú ń tì í, ìyá á ní ó dáa, kó tún un sun. Nígbà tó yá, ó ń sọ ọ́ létí odò láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹ̀rín náà kò sì pa á.

Òyìnbó padà dé lọ́dún kejì. Gẹ̀ẹ́sì Ṣẹ́gilọlá wọ́, ṣùgbọ́n ó jáde: kí ọkọ̀ jọ̀wọ́ dúró, ọkọ òun wà nínú rẹ̀.

Ó ya òyìnbó lẹ́nu. Ó ní, "Mo bi yín léṣìí. Bí ẹ ti dákẹ́, mo rò pé ẹ kò fẹ́ nǹkan kan."

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró mu omi ní Ìdí-Àràbà. Ojétúndé bọ́ sílẹ̀ tòun ti èédú lára, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá na ọwọ́, ó ń wá a kiri.

"Ìyá, ẹ ò rí mi ni?"

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́, ọmọ mi. Ká ní èṣí ni, ǹ bá rí ọ."

Ó fọwọ́ pa ojú ọmọ rẹ̀ títí ọkọ̀ fi mu omi tán. Ṣẹ́gilọlá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sunkún, kò sì sí ẹni tó bá a wí.

Lẹ́bàá irin yẹn ni òwe náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń wí fún ẹni tí ìtìjú bá dí lẹ́nu títí dòní pé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.