Ọwọ́ Tó Yí Iná Padà

Ọkùnrin kan wà tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ ju bó ṣe gbọ́ èdè àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó mọṣẹ́, ó sì fẹ́ràn àwọn tó ń bá a gbé. Àmọ́ bó bá ti ní nǹkan kan láti ṣe, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á dákẹ́. Ìgbà tó bá ṣe é tán ni wọ́n máa ń tó mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan. Lójú tirẹ̀, àlàyé ló máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ìsàlẹ̀ òkè ni ilé rẹ̀ wà, fóònù kì í sì í gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ àfi téèyàn bá gun orí àpáta lọ. Nítorí náà ló ṣe gbé àwo kan sórí òrùlé, tí wáyà rẹ̀ wọlé wá sínú ráútà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Bàbá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, arúgbó tí orúnkún ń dà láàmú, tí kò lè gun àpáta kankan mọ́. Ráútà yẹn ni Bàbá fi ń rí ọmọ rẹ̀ kejì tó wà ní Kánádà.

Ọmọ kejì yìí àti ìyàwó rẹ̀ ti wá ọmọ títí, títí àwọn ọ̀rẹ́ fi ṣíwọ́ bíbi wọ́n léèrè. Nígbà tí Ọlọ́run máa dá wọn lóhùn, wọ́n bí obìnrin. Nínú ìdílé wọn, àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ pe ọmọ lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i pé lọ́jọ́ ìkómọ, Bàbá yóò ti ilé pe orúkọ náà sí ọmọ létí lórí kọ̀ǹpútà. Àárọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, ọ̀sán tiwa ni. Bàbá ti wẹ̀ láti òwúrọ̀, ó ti wọ agbádá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan lẹ́nu tí kò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Ráútà ló wá ń ṣe ségesège. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á ṣàdédé já. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Bó bá já mọ́ Bàbá lẹ́nu láàárín orúkọ ńkọ́? Ó kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti ṣe ètò tuntun tí yóò máa darí rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní fámúwíà, àti pé ètò tuntun yìí ti wo àìsàn náà sàn. Kí ti àtijọ́ jáde, kí tuntun wọlé, ó parí.

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ojú dúdú kọ̀ǹpútà, níbi tí kò ti sí àwòrán téèyàn lè tẹ̀, àfi kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ. Ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà. Ó yẹ fáìlì tuntun náà wò bóyá ó pé, ó pé. Ó fi ẹ̀dà ètò àtijọ́ pa mọ́. Gbogbo ohun tí onímọ̀ ń ṣe ló ṣe, ó ku ẹyọ kan.

Ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí," ló fi dá a lóhùn, kò ṣílẹ̀kùn.

Ó kọ àṣẹ, ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà pé ètò tuntun ti ń wọlé, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa iná ẹ̀rọ yìí títí yóò fi parí. Àmì tóótòòtó bẹ̀rẹ̀ sí í tò tẹ̀lé ara wọn. Ó mọ ohun tí ìkìlọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Bí iná bá lọ nígbà tí ti àtijọ́ ti jáde, tí tuntun kò tíì wọlé tán, ráútà á di òkú. Ó fi etí sí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún ní ẹ̀yìnkùlé. Epo kún inú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ilé yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Gílóòbù kan wà níta tí wọ́n so mọ́ wáyà iná ìjọba nìkan. Bó bá ti tàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i gbọ́dọ̀ yára dé ìdí ṣéńjófà, irin tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, kó yí i láti orí jẹnẹrétọ̀ sórí iná ìjọba, kí epo má baà ṣòfò. Bàbá gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin náà sì bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí: "Ẹ wo bí ẹ ṣe jẹ́ kí epo jóná lásán, Bàbá!" Láti ọjọ́ náà, ojú Bàbá kì í kúrò lára gílóòbù yẹn.

Gílóòbù tàn.

Bàbá dìde, tòun ti orúnkún tó ń dà á láàmú. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí epo bá lọ tán láàárín ìkómọ ńkọ́, àṣé Ọlọ́run ti gbọ́. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ké sí gbogbo ilé: "Wọ́n ti mú iná wá o!"

Nínú yàrá, ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Gbólóhùn tí gbogbo ilé ń fi ayọ̀ gbọ́, òun ni àyà rẹ̀ já sí. Àmì tóótòòtó kò tíì dé ìdajì. Ó fò dìde, ó di ilẹ̀kùn mú, kọ́kọ́rọ́ kò tètè yí. "Bàbá! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ariwo jẹnẹrétọ̀ gbé ohùn rẹ̀ mì. Irin dún gbà lára ògiri.

Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Fáànù rọra, ó tún gbéra. Gíláàsì fíríìjì dún, ó dákẹ́. Gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà, àfi ráútà. Iná ojú rẹ̀ kò tàn mọ́.

Nígbà tó já síta, Bàbá ṣì di irin náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí wọ́n yìn ín. "Mo tètè rí i lónìí," ló sọ.

"Ẹ ti bà á jẹ́!" ni ọmọ rẹ̀ pariwo mọ́ arúgbó nínú agbádá rẹ̀, lọ́jọ́ ìkómọ.

Ọwọ́ Bàbá já bọ́ lára irin. "Kí ni mo bàjẹ́?"

Ìgbà yẹn ló tó ṣàlàyé. Àlàyé tí kò ráyè ṣe láti òwúrọ̀, kò gbà ju ìgbà téèyàn fi ń mu ife omi kan lọ. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agbádá náà.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó tan iná rẹ̀, á dúró fúngbà díẹ̀ de ẹni tí yóò tún fi ètò ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin náà padà sínú yàrá, ó tún ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ o, ó tún ti ilẹ̀kùn! Ó fi ọwọ́ kan tẹ abẹ́rẹ́, ó fi ìkejì tan iná, kí ó tó dé orí kọ̀ǹpútà, ìgbà ti kọjá. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, pàbó ló ń já sí.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé láìkanlẹ̀kùn. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọwọ́ yín kò tó iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn wá."

Bàbá sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yí i padà sórí jẹnẹrétọ̀. Iná tó dé yìí, ta ló mọ ìgbà tí yóò lọ?" Ó yí i. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ṣéńjófà.

Obìnrin náà tẹ abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ tan iná, ó tẹ àṣẹ. Àmì tóótòòtó tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni gílóòbù ìta kú, iná ìjọba ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ ní tirẹ̀. Ká ní wọn kò gbọ́ ti Bàbá ni, ráútà ì bá tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Àmì dé òpin. Iná ojú ráútà tàn.

Nígbà tí wọ́n rí Kánádà, àwọn èèyàn ti ń to àga jọ. Wọ́n ti dúró de Bàbá títí agara fi dá àwọn àlejò. Bàbá ìyàwó ọmọ kejì náà, tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ló sọmọ lórúkọ. Ọmọ ti sùn.

Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ìbídàpọ̀," ló pè é. Ohùn náà dé ketekete, kò já rárá. Ráútà ti sàn. Àmọ́ orúkọ tó yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ ti di ìkẹyìn.

Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká. "Dìde. Ká ní o sọ fún mi ni, bí adìyẹ ṣe ń sàba ni ǹ bá ṣe jókòó ti irin yẹn. Iná ì báà dé, ì báà lọ, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún, ìwọ tó o jókòó síwájú mi yìí, tó o wá fẹjọ́ ìyàwó rẹ sùn mí. Láti ìgbà òjò lo ti ń ṣètò láti mú ìyá rẹ wá láti abúlé. O kò sọ fún ìyàwó rẹ, o ní kó jẹ́ ìgbà tó bá tó. Òun rí yàrá tó ṣófo, ó rántí bó o ṣe máa ń sọ pé yàrá òfìfo kò dáa nínú ilé, ó fi í fún àbúrò rẹ̀ tí kò ríbi sùn. Lónìí, ìyá rẹ wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, o sì ń pe obìnrin yẹn ní ọ̀tá ìyá rẹ.

Ọwọ́ rẹ̀ ló yí irin, mi ò bá ọ jiyàn. Ta ló ti ilẹ̀kùn?

Máa lọ sílé. Má tíì dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Sọ ohun tó o ń ṣe láti ọjọ́ yìí fún un, kó o sì gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́.