Ọrùn Àwẹ̀ró àti Èjìká Tó Sùn

"Bí ọrùn bá ń ké, èjìká ni kí ẹ bi." Bí àgbà bá pa òwe yìí, ọmọdé a máa wojú ara wọn. Kí ló kan èjìká nínú ẹkún ọrùn? Ilé àwọn amọ̀kòkò kan ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Àwẹ̀ró ni ìyálé ilé náà. Bó bá ru ìkòkò lọ sọ́jà, kì í fọwọ́ dì í mú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ Àdùfẹ́, kò gúnyán mọ́, nítorí ìyàwó ni í gúnyán nílé wọn. Nígbà tó yá, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyálé. Ó fi òrí pa á títí, ìrora kò lọ.

Bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nílùú wọn, ìyá ìyàwó ni í ru igbá ẹrù ọmọ rẹ̀ la ìlú já. Bí kò bá lè rù ú, orogún rẹ̀ ni yóò gbà á rù.

"Ìyálé mi, ẹ fọkàn balẹ̀, n ó bá yín rù ú," ni Àdùfẹ́ wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àwẹ̀ró yíjú sí i, ọrùn há. "Yéè!"

Ìyá ọkọ wọn tẹ èjìká rẹ̀ wò. "Àwẹ̀ró, ọmọ amọ̀ tútù tí í dìkòkò! Èjìká rẹ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Nígbà tí ò ń gúnyán fún mi, ǹjẹ́ ọrùn dùn ọ́ rí?"

"Rárá, ìyá mi."

"Èjìká ló yẹ kó bá ọrùn gbẹ́rù. Ó ti sùn, ọrùn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì. Dìde, lọ gúnyán."

"Èmi ìyálé?"

"Ṣé ìyálé kì í léjìká ni?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró gún odó bí ẹni ń bá a jà. Ilẹ̀ mọ́, apá kò ṣeé gbé.

"Mo ní kí o jí èjìká ni," ìyá wí, "n ò ní kí o pa á." Ó fún un ní ọmọ odó fífúyẹ́ àti iṣu kékeré. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un.

"Ìyálé mi, iyán yìí ní kókó o!" ni Àdùfẹ́ ń pariwo.

"Gbé e mì! Ṣebí bí mo ṣe ń gbé tìẹ mì nìyẹn."

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Àwẹ̀ró ru igbá la ìlú já, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó sọ̀ ọ́ nílé ọkọ ọmọ, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó rẹ́rìn-ín.

Àwọn àna ní, "Oògùn wo lẹ fi wo ọrùn yìí?"

Kí Àwẹ̀ró tó lanu, Àdùfẹ́ ti dáhùn: "Ẹ má bi ọrùn rárá. Bí ọrùn bá ń ké, èjìká ni kí ẹ bi."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó bá wa gbẹ́rù sùn lọ. Nítorí náà, bí ìnira bá wọlé, tí ẹnì kan ṣoṣo ń ké, ẹ wo ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí ọrùn bá ń ké, èjìká ni kí ẹ bi.