Oníbodè Tí N Kò Sọ Lórúkọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ gbé etí yín súnmọ́ mi, kí ẹ má sì rò pé ẹ̀rín ni mo fẹ́ pa yín. Inú mi kò dùn. Ìbínú ni mo gbé wọ inú igbó tí n ó ròyìn rẹ̀ yìí, ìbínú ni mo sì bá níbẹ̀. Nígbà tí ìbínú méjèèjì forí gbárí, tèmi ni ó kọ́kọ́ ṣubú, nítorí pé tèmi ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọdẹ́ṣínà ni orúkọ mi. Ọdẹ ni baba tó bí mi, ọdẹ ni baba tó bí i. Mo ti mọ ipasẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà kí n tó mọ ìwé kà. Ní yunifásítì tí mo ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ni mo ti kó àrùn tí kò gbóògùn: bí mo bá rí ohun tó díjú, ara mi kì í balẹ̀ àfi bí mo bá tú u. Àrùn yìí ló sọ mí di atọ́kùn eré orí tábìlì. Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ènìyàn mẹ́ta jókòó, ìwé àti dáìsì, ọmọ ayò alójú mẹ́fà tí à ń jù, wà níwájú wọn. Ẹni méjì fi ẹnu ara wọn di akọni, wọ́n ń rin ìrìn àjò tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀. Ẹnì kẹta ni atọ́kùn. Òun ni yóò ròyìn ìlú tí wọ́n dé, òun náà ni yóò sì fi ẹnu gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe oníbodè. Ẹni àbápàdé ni à ń pe àwọn wọ̀nyí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́kùn fún Bùsàrí àti Fẹ́hìntọ́lá, ọ̀rẹ́ mi láti iléèwé. Ilẹ̀kùn mi kì í ṣí láìsí àlọ́, afárá mi kì í ṣeé gùn láìsí ìṣirò, mo sì ń yangàn bí àkùkọ tó rò pé òun ló ń pe oòrùn jáde. Àfi bí Fẹ́hìntọ́lá ṣe gbé dáìsì sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní òun rántí gbogbo ilẹ̀kùn tí mo kàn, ṣùgbọ́n òun kò rántí ẹyọ ènìyàn kan tó dúró tì í. Bùsàrí fi kún un pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo oníbodè mi, òun sì ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí oṣù bá parí, àwọn yóò wá atọ́kùn mìíràn.

Ọ̀rọ̀ náà ta mí bí ata ojú. Mo ní bó bá ṣe ẹni mánigbàgbé ni wọ́n ń fẹ́, ṣebí ọmọ ọdẹ ni mí, n ó lọ dọdẹ wọn wá. Mo gbé ìbọn baba mi, mo kọrí sí Igbó Ìgbàgbé, níbi tí àwọn àgbà ní iwin pọ̀ sí ju ewé lọ.

Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Mo bá ẹnubodè kan tí kò ní odi lọ́tùn-ún, tí kò ní odi lósì. Ọkùnrin kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bí òkúta tí odò ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún lá: kò sí ìlà, kò sí àpá, kò sí ìpéǹpéjú.

Ó ní, “Dúró. Níbo lò ń lọ?”

Mo ní kí ó kúrò lọ́nà, pé ẹni ńlá ni mo ń wá, n kò wá oníbodè.

Ó ní, “Dúró. Níbo lò ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí o fi sí mi lẹ́nu nìyẹn, kò sí òmíràn. Bí o ṣe ń fi ọ̀sẹ̀ kan gbẹ́ àgádágodo, ìṣẹ́jú kan o kò fi gbẹ́ mi. Wọ́n gún mi, mo ṣubú. O tún gbé mi dìde ní ìlú mìíràn, wọ́n tún gún mi. Ta ló sunkún mi, Ọdẹ́ṣínà? Ajá tí ọkọ̀ pa sójú títì, ẹnì kan a máa káàánú rẹ̀.”

Bó ti wí bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ sí àyà mi, ó sì fa orúkọ mi yọ bí ẹni fa ẹ̀gún. Mo fẹ́ pe ara mi, ẹnu mi ṣófo. Ó ní kí n wọlé. Bí mo bá lè kí ìyá tó wà létí odò kí ó dáhùn, kí n sì padà wá kí òun kí òun dáhùn, kí oòrùn tó wọ̀, n ó gba orúkọ mi. Bí n kò bá lè kí àwọn, èmi ni n ó gba ọ̀kọ̀, tí n ó máa dúró níbẹ̀ títí ayé. Òun yóò wọ orúkọ mi bí ẹ̀wù, yóò lọ sílé lọ bá ìyá mi, ìyá mi yóò bu oúnjẹ fún un, kò sì ní mọ̀.

Mo wọlé. Àwọn ènìyàn kún inú igbó bí koríko, gbogbo wọn ló ní ojú dídán, kálukú ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń wí pé ọba ń pè yín, òmíràn ń wí pé ẹ ṣọ́ra, olè wà lọ́nà. Èmi ni mo dá gbogbo wọn. Létí odò, obìnrin kan ń wí pé afárá ti wó, afárá ti wó.

Mo rò pé orúkọ ló kù. Mo fún un ní orúkọ oyè, mo ki í lóríkì tó gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́, mo ní ọmọ ọba ni, ọmọ ajùwọ́n lọ. Ó ní, “O da àrán bo ìkòkò òfìfo. Kí mi.”

“Ẹ káàsán, ìyá.”

“Ọ̀sán lo kí yẹn. Kí èmi.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Iṣẹ́ wo?”

Àwa tí à ń kí onídìrí pé ojú gbooro, tí à ń kí adẹ́mu pé igbà á rọ̀, tí wọ́n ń kí baba mi pé àrìnpa. Ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn la fi ń kí i. Mo wo ọwọ́ obìnrin yìí, ó rọ̀ wálẹ̀ bí èso igi oṣè, nítorí n kò fi nǹkan kan sí i. Ìtìjú bò mí. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo jókòó, mo bi í pé kí ni ó ń wá lódìkejì odò kí afárá tó wó.

Ó ní òun kò mọ̀, èmi ni n kò sọ.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo ní òdìkejì ni ewé èlú wà. Mo ní ọjọ́ keje rèé tí ìkòkò aró rẹ̀ ti gbẹ, aṣọ oníbàárà wà lórí okùn, ìdajì dúdú, ìdajì funfun, ó sì ń ṣépè fún ọba tó jẹ́ kí afárá jẹrà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí mo ṣe ń wí, ọwọ́ rẹ̀ ń dú, títí ó fi dú dé ìgbọ̀nwọ́.

Mo kí i bí a ṣe ń kí aláró: “Àrẹ̀dú o, ìyá.”

“O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má retí kí n tìtorí rẹ̀ fi ibi tí odò ti ṣeé là kọjá hàn ọ́. Kọ́kọ́ bá mi wá èlú. Àbí o rò pé nítorí tìrẹ ni mo ṣe jí?”

Inú bí mi, inú mi sì dùn. Ẹni tó ní ohun tí ó ń wá fúnra rẹ̀ ló lè kọ̀ fún ọ, ẹni tó bá lè kọ̀ fún ọ ni o kò ní gbàgbé.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo sáré padà sẹ́nu ibodè. Ọkùnrin náà ti ń dúró bí èmi, ó ń họ ọrùn bí èmi. Mo kí i pé ẹ kú ìdúró. Ó ní òpó náà ń dúró.

Mo ní, “Baba, ta ló wà nílé?”

“Ìyá rẹ.”

“Rárá. Nílé tiyín.”

Èmi fúnra mi ni mo dáhùn. Mo ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí, Àwẹ̀ró, wọn yóò sì sin ín lọ ilé ọkọ ní ọjọ́ márùn-ún òní. Ìyá ọmọ ti kú, nítorí náà ọrùn baba ni ẹ̀gúsí ọbẹ̀ ìgbéyàwó já lé. Ó fi agbada ẹ̀gúsí náà pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi ṣẹ̀fẹ̀, bí èrò bá sì ti kọjá ni yóò jókòó, yóò máa bó o. Èékánná rẹ̀ ti ya. Agbada kò ì tíì dé ìdajì.

Bí mo ti ń wí, ó fi ọ̀kọ̀ ti igi, ó jókòó. Àpá yọ sí ìpéǹpéjú rẹ̀, irùngbọ̀n funfun hù, agbada sì wà láàárín itan rẹ̀.

“Ẹ kú bíbó ẹ̀gúsí o, baba Àwẹ̀ró.”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Òò. Ọjọ́ ló ń lọ yìí.”

Mo fọhùn jẹ́jẹ́, mo bi í bóyá ó ṣì ń lọ bá ìyá mi. Ó wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè. Ó ní, “Kí ta ni yóò wá fa ọmọ mi lé ọkọ lọ́wọ́?” Ó yọ orúkọ mi láyà, ó jù ú sí mi bí èèpo. “Gba nǹkan rẹ. Kò tilẹ̀ bá mi mu.”

Kò tíì jẹ́ kí n jáde o. Ó ní kí n jókòó kí n bó ẹ̀gúsí, mo sì bó o títí ìka mi fi ń ta mí. Nígbà tí mo dìde, ó ní òun kò dárí jì mí. Ó nawọ́ sí inú igbó, ó ní, “Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?”

Mo padà délé. Nígbà tí a tún jókòó ti tábìlì, akọni Bùsàrí fa idà yọ lẹ́nu ibodè. Mo sọ ohun tí ọkùnrin ibẹ̀ ń ṣe. Bùsàrí mú dáìsì dání, kò jù ú, ó bi mí pé ẹ̀gúsí ta ni. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n fi ń bá a bó o, tí Fẹ́hìntọ́lá ń bi í léèrè irú ẹni tí ọkọ Àwẹ̀ró jẹ́, kò sì sí ẹni tó dárúkọ atọ́kùn mìíràn mọ́.

Síbẹ̀ inú ń bí mi, ara mi ni mo sì ń bínú sí. Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin kan fi ń ṣí géètì yunifásítì fún mi, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá bi mí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, n kò mọ̀. Kì í ṣe orí tábìlì ni mo ti kọ́ ìwà burúkú náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pìtàn, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́kùn eré, ẹ̀yin tí ẹ kàn ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ yín, ẹ má sọ ọmọ ènìyàn di òpó. Bí ẹ bá jáde níhìn-ín, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya ẹnu kí i.